Ilẹ̀kùn Ògògà àti Òpó Ààfin
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ará Ìgbẹsà, Ọ̀tà àti Adó-Odò lórí ọ̀ṣọ́ tí ó wà nínú ilé ọba

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ ilẹ̀ Àwórì, àwọn baba ni wọ́n wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò bá odò wí. Ọmọ ènìyàn ni ó ń bá wí.

Ìgbẹsà, ìlú Ọlọ́jà Ẹkùn, kò rí bí ó ti rí ní ayé àtijọ́ mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Crawford ti wà níbẹ̀ láti 2005. Agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn oníṣòwò láti Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà jọ gbé kalẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé, wọ́n ń jáde, ilé-iṣẹ́ sì ti yí Ọ̀tà àti Sàngó ká. Ohun ayọ̀ ni èyí, nítorí iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé tuntun ti ń dìde, bẹ́ẹ̀ ni ilé amọ̀ àtijọ́ ń wó. Nígbà tí ilé ìdílé bá wó, tí wọ́n sì kó alápá rẹ̀ dànù, níbo ni ère, òpó, ilẹ̀kùn àti àpótí tí ó wà nínú rẹ̀ ń gbà lọ?

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, kí ó kọ́kọ́ bẹ ààfin kan wò ní ìlú mìíràn, nítorí ojú àlejò a máa rí ohun tí ojú onílé ti mọ̀ dé ibi pé kò rí i mọ́. Ààfin náà ni ti Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ní ilẹ̀ Èkìtì, láàárín Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì, níbi tí àpáta Olóṣùnta ti ń wo ìlú láti òkè.

OHUN TÍ ÀÀFIN JẸ́

Ààfin Yorùbá kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Àkójọ àkòdì ni: yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá kan ká, òrùlé ti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà sínú, òjò a sì máa rọ̀ sí àárín àgbàlá náà. Láti inú àgbàlá kan ni ènìyàn ti ń bọ́ sí òmíràn. Èyí tí ó wà níwájú ni ti gbogbo ayé. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àwọn ìjòyè. Èyí tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀ ni ti ọba, àwọn olorì àti àwọn òrìṣà ìdílé. Níwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà. G. J. A. Ojo tí ó kọ ìwé kan lórí ààfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1966 fi hàn pé ààfin ni ọkàn ìlú, ibẹ̀ ni ọ̀nà gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń parí sí.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó pẹ̀lú, àwọn ìdílé ọlọ́lá a máa kó iṣẹ́ ọnà jọ. Ní ìlú Róòmù, ìdílé Doria Pamphilj ṣì ní ààfin tiwọn, àwòrán Póòpù Innocent Kẹwàá tí Velázquez yà ní 1650 sì wà níbẹ̀ títí di òní, àlejò a sì máa san owó kí ó tó wọlé wò ó. Nínú irú ààfin bẹ́ẹ̀, ara ògiri ni wọ́n gbé àwòrán kọ́. Ní ààfin Yorùbá ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà níbẹ̀ kì í jókòó lásán. Òpó tí ó gbé òrùlé dúró ni wọ́n gbẹ́ ère sí lára; ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n sì ń tì lójoojúmọ́, ni wọ́n fín ìtàn sí. Ẹni tí ó bá yọ òpó náà lọ, kì í ṣe ẹwà nìkan ni ó mú lọ. Ó ti yọ eegun kúrò lára ilé.

ỌLỌ́WẸ̀ ARÁ ÌSẸ̀

Ẹni tí ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó Ìkẹ́rẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ ọnà, ni wọ́n gbé bí i ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé dàgbà. Ìránṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ni, ọba náà sì ni ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọba mìíràn ránṣẹ́ pè é. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó ń gbẹ́ igi fún Ògògà. Ọdún 1938 ni ó papò dà.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn a máa fín àwòrán pẹlẹbẹ sí ara pákó. Ọlọ́wẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó gbẹ́ sí ara ìlẹ̀kùn yọ jáde kúrò lára pákó, orí wọn yí sí ẹni tí ń wò wọ́n, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ béèrè ohun tí ó bá wá. Ó kun ara wọn ní ọ̀dà oríṣiríṣi, ó sì fi ọnà wẹ́wẹ́ kún ẹ̀yìn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi rí ibi tí ó ṣófo.

Iṣẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà ju orúkọ rẹ̀ lọ. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn tí ń wo iṣẹ́ náà ní òkè òkun kò mọ ẹni tí ó ṣe é. Ní 1944, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni Philip Allison kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé John Pemberton, ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1998, ilé ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní Washington pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ṣoṣo fún gbogbo ayé wò. Ẹ jẹ́ kí ó yé ni pé láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹnu obìnrin kan ní ilé ni ohun tí ìwé kò kọ wà. Bí obìnrin náà bá ti kú kí ẹnìkan tó bi í, oríkì náà ìbá bá a lọ.

ÌLẸ̀KÙN TÍ Ó SỌ ÌTÀN

Ìlẹ̀kùn Ògògà jẹ́ pákó méjì, òkè rẹ̀ sì ní àtẹ́rígbà tí wọ́n gbẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ohun tí ojú rí ní ìgbà ayé ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ni. Ní nǹkan bí àkókò tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, Captain Ambrose, òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán sí ilẹ̀ Èkìtì, wá sí Ìkẹ́rẹ́. Lára pákó òsì, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀, ó dé adé, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lára pákó ọ̀tún, òyìnbó náà ń bọ̀, àwọn ènìyàn gbé e lé èjìká nínú ibùsùn àgbérìn, àwọn aláàárù sì wà nínú ìrìn náà.

Ẹni tí ó bá wo ìlẹ̀kùn náà dáadáa yóò rí ọgbọ́n kan. Ní ọdún tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ẹ, agbára ti bọ́ sí ọwọ́ òyìnbó, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọba ni ó jókòó, àlejò ni ó ń rìn. Ọba kò kúrò níbi tí ó wà. Àwọn mìíràn ni wọ́n gbé àlejò wá bá a. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò bú ẹnìkan, kò sì bẹ ẹnìkan. Ó kàn fi olúkúlùkù sí ipò tí ó yẹ ẹ́ nínú ilé ọba ni.

BÍ ÌLẸ̀KÙN NÁÀ ṢE KÚRÒ NÍ ILÉ

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti kó èso iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn jọ. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn Ògògà lọ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn alákòóso ilé ọnà British Museum rí i, ọkàn wọn fà sí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò fẹ́ gba owó. Ohun tí ó gbà ni pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì máa mú ìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn dípò èyí tí ó lọ.

Ó rọrùn fún ẹni òní láti dá Ògògà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ọba náà kò ta ohun baba rẹ̀; ìlẹ̀kùn náà kò tí ì pé ogún ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ sì mú. Lójú Ògògà, orísun kò tí ì gbẹ. Bí ìlẹ̀kùn kan bá lọ, òmíràn yóò ti inú igi jáde wá. Ọ̀wọ̀ tí ó wà nínú kí wọ́n fi ìtẹ́ ránṣẹ́ sí i láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì kéré lójú rẹ̀. Ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀ ni pé Ọlọ́wẹ̀ yóò kú, pé kò ní sí ẹni tí yóò gbẹ́ igi bí tirẹ̀, àti pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ rí ìlẹ̀kùn ilé baba rẹ̀ yóò ní láti gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, kí ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Òpó pẹ̀lú kò dúró. Òpó kan nínú àwọn tí ó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ògògà wà ní ilé ọnà ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà láti 1984. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ọba jókòó lára rẹ̀, ẹyẹ bà sórí adé rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìtẹ́. Ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń wí kò ṣòro láti mọ̀: ọba ni ó jókòó, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó gbé e ró. Ní Ìkẹ́rẹ́, òrùlé gan-an ni olorì náà rù lé orí. Ní Chicago, kò ru ohunkóhun mọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÀWỌN ÌLÚ MÌÍRÀN

Kì í ṣe gbogbo ààfin ni ó pàdánù ohun ìní rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds jẹ́ balógun wọn wọ Abomey, olú ìlú Dàhòmì, wọ́n sì kó ìtẹ́, ère àti ìlẹ̀kùn ààfin lọ. Ní 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó Ìbíní, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère idẹ àti eyín erin. Àwọn àgbà máa ń wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni, bí ó bá jẹ́ òrùlé ni ó jó. Bí olè bá kó ẹrù inú ilé kí ó tó fi iná sí i, kò sí ẹwà tí ó kù láti bù sí i.

Ọjọ́ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò sùn. Ní oṣù kọkànlá 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà sí ilẹ̀ Benin, ìtẹ́ Ọba Ghezo sì wà lára wọn. Ní oṣù kejì 2022, àkùkọ idẹ tí ó wà ní Yunifásítì Cambridge tẹ́lẹ̀ àti orí ọba tí ó wà ní Yunifásítì Aberdeen padà dé ààfin Ọba Ìbíní.

Ọ̀nà kẹta wà, Ọ̀wọ̀ sì ni ó fi hàn. Ààfin Ọlọ́wọ̀ tóbi gidigidi. Wọ́n ní àgbàlá rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ní ìgbà kan. Eyín erin tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ gbẹ́ ní ayé àtijọ́ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ní 1968, ilé ọnà kan bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, láti tọ́jú ohun àtijọ́ tí ó wà ní ààfin tẹ́lẹ̀. Ère amọ̀ tí Ekpo Eyo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wú jáde ní Igbó Làjà ní 1971, tí ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, fi kún ògo ìlú náà. Ohun baba kúrò nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò kúrò nílùú. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò ó.

ÈYÍ TÍ Ó KAN ILẸ̀ ÀWÓRÌ

Ẹnìkan lè wí pé Ìkẹ́rẹ́ ni ó ní Ọlọ́wẹ̀, Ìbíní ni ó ní idẹ, pé kí ni ti Ìgbẹsà nínú rẹ̀? Ó ní. Agbègbè yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀, ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀tà sì mọ igi púpọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ni àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun iyì fún gbogbo ọmọ aráyé, tí wọ́n sì fi sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í sì í ṣe ti ọba nìkan. Ilé olúkúlùkù ni ó ń gbé. Ilé mìíràn ní ère ìbejì, òmíràn ní ọpọ́n Ifá, ìlù ńlá, ọ̀pá oyè tàbí aṣọ òkè tí baba ńlá fi jẹ oyè. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó ilé-iṣẹ́ lè ra ohun titun gbogbo. Kò sí owó tí ó lè ra pípẹ́.

Òfin wà lórí ọ̀ràn yìí. Òfin 1953 ni ó kọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa tọ́jú ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà. Òfin 1979 sì dá àjọ tí ń ṣe àkóso ilé ọnà àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó sì kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé ohun àtijọ́ jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá fi owó kékeré tan ọ̀dọ́ ilé láti gbé ère jáde lóru, arúfin ni. Ọ̀dọ́ tí ó sì gbé e fún un ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú yàrá gbogbo. Onílé ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà kò sì le. Ní àkọ́kọ́, kí ìdílé kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan tí ó ní sílẹ̀, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ àti ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, bí àgbà kan bá ṣì wà tí ó mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n bi àgbà náà lónìí, kí ó má baà rí bí ìbá ti rí fún oríkì Ọlọ́wẹ̀. Ní èkejì, kí igi má ṣe sùn sílẹ̀ níbi tí ikán lè dé, kí òjò má sì ṣe kán sí i. Ní ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ṣe fi ọ̀dà ìgbàlódé kun ohun àtijọ́ nítorí àti sọ ọ́ di titun. Ní ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá fẹ́ wó ilé, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ òpó àti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọnà ìjọba tí ó wà ní Abẹ́òkúta bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ wo ààfin, kí ó mọ̀ pé ilé ènìyàn ni ó ń lọ, kì í ṣe ọjà. Kí ó ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ó má lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí ó sì dọ̀bálẹ̀. Kí obìnrin kúnlẹ̀. Kí wọ́n má ṣe ya fọ́tò láìgba àṣẹ, kí wọ́n má sì ṣe bínú bí wọ́n bá ní kí wọ́n má wọ àgbàlá kan. Ọba pàápàá kò gbọdọ̀ wo inú adé tí ó dé sórí. Àlejò wo ni yóò wá fẹ́ rí ohun gbogbo?

Ìlẹ̀kùn Ògògà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ògògà ṣì jókòó lára rẹ̀, àlejò rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lórí èjìká àwọn aláàárù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ni. Wọ́n ṣe é kí ọmọ ilé lè máa ṣí i ní òwúrọ̀, kí ó sì máa tì í ní alẹ́. Ẹ̀yin ará Ìgbẹsà, ìlẹ̀kùn tiyín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ padà sílé, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí, ẹ wo orí àjà, ẹ bi ìyá àgbà ní ìbéèrè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni onílé kò gbọdọ̀ wà láàyè kí ogún ilé di ohun tí àlejò yóò máa fi hàn án.